Òjìji Alhaji Tàjùdéèn Lórí Yìnyín

“Mìsítúrà, fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ lórí òkè yẹn. Ibi tó bá sùn ni n ó sùn. N kò ní fi í sílẹ̀.”

Alhaji Tàjùdéèn ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá mi nínú pálọ̀ wa ní Peckham, ní ìgbà òtútù tó kọjá. Alhaji jókòó sórí àga tó jẹ́ ti bàbá mi kí bàbá mi tó kú, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Alhaji ni alága Ẹgbẹ́ Ọdẹ Orí Òkè, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó máa ń lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní Scotland. Alhaji kan náà ni igbákejì alága mọ́ṣáláṣí wa. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kan ní Peckham, ọ̀rọ̀ náà ti di òótọ́ kí wọ́n tó pa ẹnu dé.

Ẹgbẹ́ náà ti ń lá àlá ẹ́lìkì tipẹ́. Ẹ́lìkì ni àgbọ̀nrín ńlá orí òkè Amẹ́ríkà, tó ga tó ẹṣin. Wọ́n pinnu pé kí Alhaji àti Abdulqoyyum, àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ wo òkè kan ní Montana. Àbúrò mi ló ṣáájú lọ. Ó padà wálé láìní ìka mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún, nítorí yìnyín ti pa wọ́n kí àwọn èèyàn tó rí i gbé sọ̀ kalẹ̀. Fóònù ló ń tún ṣe ní Rye Lane. Ìka wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó sọ fún wa pé òun nìkan ló wà lórí òkè náà.

Alhaji sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé irọ́ ni. Wọ́n ní àwọn wà níbẹ̀, pé ọmọ náà ṣàìgbọràn, pé ó tọ ipasẹ̀ ẹranko lọ, ó fi àwọn sílẹ̀, òtútù sì da orí rẹ̀ rú. Wọ́n fi àwòrán kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: Alhaji nínú ẹ̀wù òtútù pupa, wọ́n dúró lórí yìnyín funfun, wọ́n ń kírun, òkè ńlá wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ìrun ọ̀sán lórí òkè ẹ́lìkì. Alihamudulilai.”

Ẹgbẹ́ yọ orúkọ àbúrò mi kúrò. Ìyá mi dẹ́kun àtilọ sí Jímọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ kéde ìrìn àjò tuntun sí òkè Montana kan náà. Ọlábọ̀wálé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, ni yóò kọ́kọ́ lọ. Alhaji yóò sì bá a níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí.

*

Ọlọ́pàábìnrin tó gbọ́ ẹjọ́ mi kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó béèrè bóyá ẹnì kan lu ẹnì kan. Mo ní rárá. Ó wá ṣàlàyé pé kí ènìyàn sọ pé òun wà níbi tí òun kò sí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn ọlọ́pàá Montana ti béèrè ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ti pè é ní ìjàǹbá, wọ́n sì ti pa á tì.

Mo pe Malachi, òyìnbó tó ni ilẹ̀ náà. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni òun rí. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ẹnubodè méjì ni ilẹ̀ òun ní, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni ilé òun wà. Alhaji sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹnubodè kejì ni àwọn gbà wọlé.

Mo tọ Bàbá Làtíìfù lọ, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní ìta mọ́ṣáláṣí.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé a lè rí páálí ìrìnnà Alhaji? Físà Amẹ́ríkà yóò wà nínú rẹ̀.”

“Páálí?” Wọ́n wo àwọn àgbààgbà tó dúró tì wọ́n. “Nusaybah, ìwọ ló máa ní kí Alhaji kó páálí jáde? Ṣé o ti di immigration ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Làtíìfù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí mo rí.

*

Ẹ̀wù pupa náà ni mo kọ́kọ́ gbára lé. Ó dà bí ẹ̀wù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìrìn àjò ni wọ́n ya àwòrán náà, ẹjọ́ ti parí. Mo gbé e lọ sí ọjà Deptford, sọ́dọ̀ Hàlímọ̀tù, obìnrin tó ń ta ẹ̀wù òtútù, tó sì tún jẹ́ ìyá Ọlábọ̀wálé.

Wọ́n wo fóònù mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Èyí? Èmi ni mo tà á fún Alhaji kí wọ́n tó lọ. Mo tún fi ìbọ̀wọ́ ṣe jàára fún wọn.”

“Ó dá yín lójú, Aunty?”

“Ṣé n kò ní mọ ọjà mi ni? Bọ́tìnì kejì yẹn já, èmi ni mo rán an, òwú dúdú ni mo lò. Wò ó.”

Mo wò ó. Òwú dúdú ni. Ẹ̀rí tí mo gbé wá láti fi ba ti Alhaji jẹ́ ti di ẹ̀rí tó gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ọlábọ̀wálé jókòó sórí àpótí ẹrù lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń dán bàtà yìnyín wò. “Sister Nusaybah, ẹ fi Alhaji sílẹ̀ joor. Peckham boy on a mountain, ẹ máa rí àwòrán tèmi náà. No offence, Abdul máa ń kánjú jù. Èmi, calm ni mo wà.”

“Ìwọ calm?” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ìwọ tó sá fún ajá kékeré lánàá?”

“Mummy, that dog was moving mad.”

“Ṣé ìwọ àti Alhaji lẹ jọ ń fò?” ni mo bi í.

“Rárá, èmi máa lọ ṣáájú lọ́jọ́ Monday. Wọ́n ṣì ń dúró de document kan. Wọ́n á bá mi lókè.”

“Document wo?”

Ó gbé èjìká. “I dunno. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.”

Hàlímọ̀tù ká ẹ̀wù kan, wọ́n tún un ká. “Alhaji ti fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n wá sílé fúnra wọn. Wọ́n ní, ‘Ibi tó bá sùn ni n ó sùn.’”

Ojú mi wà lára bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ Ọlábọ̀wálé. Bí n kò bá rí ẹ̀rí kí ó tó di Monday, ọmọ yìí yóò gun òkè náà bí àbúrò mi ṣe gùn ún, pẹ̀lú ìlérí kan náà nínú àpò rẹ̀.

*

Abdulqoyyum wà ní kíṣìnnì, ó ń fi ọwọ́ òsì ro tíì.

“Sọ ọjọ́ yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀,” ni mo wí.

“Sis, ó ti sú mi. O ní degree, lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.”

“Sọ ọ́.”

Ó jókòó. “Alhaji pè mí lórí fóònù lówùúrọ̀. ‘Máa gùn lọ, mo ń bọ̀ láti apá kejì, a máa pàdé lókè.’ Mo gùn ún. Mo dé ibi tí a fàmì sí, ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń pa. Mo rí àwọn ẹ́lìkì. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wa yìnyín, wọ́n ń jẹ koríko abẹ́ rẹ̀. Mo dúró. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, mo ní kí n kírun, Alhaji á ti dé kí n tó sàlámà.”

“Lẹ́yìn náà?”

“Mo ṣí Kíbúlà lórí fóònù, kí n lè mọ ọ̀nà Mẹ́kà. Ó ní kí n kọjú sókè, sí orí òkè gan-an. Oòrùn wá wà lẹ́yìn mi. Òjìji mi nà gbọọrọ níwájú mi, bí mo bá sì forí kanlẹ̀, orí òjìji ara mi ni mò ń forí kàn.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. “Mo ní ó dáa náà, èèyàn méjì la kúkú wà.”

Mo gbé ife mi sílẹ̀.

“Tún un sọ. Níbo ni òjìji rẹ wà?”

“Níwájú. I’m not mad, Nusaybah. Mo mọ̀ pé ó ṣàjèjì. Níbí, oòrùn máa ń wà níwájú wa. Bóyá òótọ́ ni Alhaji sọ, bóyá òtútù ti wọ orí mi.”

“Orí rẹ pé,” ni mo wí. Mo ṣí àwòrán Alhaji.

Oòrùn tàn sójú wọn débi pé wọ́n di ojú díẹ̀. Òjìji wọn nà sẹ́yìn wọn lórí yìnyín, ó gùn, ó dúdú, kò sí ẹni tó lè ṣì í mọ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Ṣùgbọ́n mo tún mọ ohun tí Alhaji yóò fi gba ara wọn sílẹ̀: wọ́n lè ní àwọn ṣèèṣì ni, wọ́n kọjú sí ibi tí a ń kọjú sí ní Peckham nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni yóò tì í. N kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

*

Ìpàdé ìkẹyìn wáyé lọ́sàn-án Sátidé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó páálí wọn wá nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Hàlímọ̀tù mú mi wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá bá wọn pín tíì. Mo gbé bọ́ọ̀lù àwòrán ayé dání láti ilé-kéú tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Alhaji ti tẹ́ àwòrán ilẹ̀ òkè náà sórí tábìlì. Èso dàbínù ni wọ́n fi ṣàmì àwọn ẹ́lìkì.

“Ìparí àsìkò ni ọgbọ́n wà,” ni wọ́n ń wí. “Àwọn òyìnbó aláriwo ti padà sílé. Yìnyín ti lé ẹ́lìkì kúrò nínú igbó òkè, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti gbá yìnyín kúrò lórí koríko. Abo nìkan la gba àṣẹ láti pa. Ọlábọ̀wálé á dúró síbí, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ bọ̀ wá sójú ẹ̀, kí wọ́n má baà gbóòórùn ẹ̀.” Wọ́n fi èso dàbínù kan sí ibẹ̀ fún Ọlábọ̀wálé. “Tó bá fẹ́ yìnbọn, Bisimilláhì ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ẹran wa lè jẹ́ hàlálì.”

“Èmi á kígbe ẹ̀ gan-an,” ni Ọlábọ̀wálé wí.

“Tí o bá kígbe, kí lo fẹ́ yìnbọn sí mọ́?”

Yàrá náà kún fún ẹ̀rín. Mo dúró títí ó fi rọlẹ̀.

“Alhaji, ẹ jọ̀wọ́ sà, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéú. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ Kíbúlà lórí òkè tí kò sí mọ́ṣáláṣí?”

Wọ́n yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín olùkọ́. “Fóònù, ọmọ mi. Kọ́m̀páàsì wà nínú ẹ̀.”

“Ẹni tó bá gbàgbé ńkọ́, tó kan kọjú síbi tó ti mọ́ ọn lára?”

“Aláìbìkítà nìyẹn. Èmi kì í fojú dá Kíbúlà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbọ́wọ́ sókè.”

“Ní ọjọ́ tí ẹ ya àwòrán yìí náà?” Mo na fóònù mi sí wọn.

“Ọjọ́ yẹn gan-an!” Wọ́n gbé e yíká kí gbogbo ènìyàn rí i. “Ọlọ́run ń wò mí lórí òkè yẹn, Nusaybah. Ṣé mo wá fẹ́ fi ìrun ṣeré?”

“Rárá sà,” ni mo wí. Mo gbé bọ́ọ̀lù àwòrán ayé sórí tábìlì. “Ọlábọ̀wálé, bá mi di òwú yìí mú. Fi orí kan sí Mẹ́kà.”

Mo kọ́kọ́ fa orí kejì sí London. Òwú náà dọ́gba pẹ̀lú ibi tí gbogbo wa ń kọjú sí: ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀ sí gúúsù. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó fà á sí Montana, kí ó fà á le. Òwú náà kò gba orí Áfíríkà. Ó yọ̀, ó sáré gòkè, ó dúró sí orí Greenland.

“Wait,” ni Ọlábọ̀wálé wí. “Wọ́n ń kọjú sí òkè? Àríwá?”

“Àríwá, ó yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀nà tó yá jù nìyẹn, òun náà ni fóònù ń lò. Nísinsìnyí, níbo ni oòrùn máa ń wà ní ìgbà òtútù, lọ́sàn-án?”

“Gúúsù.”

“Ẹni tó bá kírun lórí òkè Montana, níbo ni oòrùn yóò wà?”

Ó wo òwú náà. “Lẹ́yìn ẹ̀.”

“Òjìji rẹ̀ ńkọ́?”

Ó gba fóònù mi lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, ó wò ó, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

“Àbúrò mi sọ pé orí òjìji ara òun ni òun ń forí kàn,” ni mo wí. “Ẹ ní òtútù ló dà á lórí rú. Nínú àwòrán yìí, oòrùn wà lójú Alhaji, òjìji wọn wà lẹ́yìn. Nítorí náà, yálà Alhaji kọ ẹ̀yìn sí Kíbúlà, tàbí wọn kò sí ní Montana. Alhaji ti sọ fún wa pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.” Mo wò wọ́n lójú. “Mo gbà yín gbọ́, sà. Ẹ kò lè parọ́ fún Kíbúlà.”

Alhaji mú ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. “Làtíìfù, ṣé o ń gbọ́? Bọ́ọ̀lù ni ọmọdé fi ń dájọ́ fún àgbà báyìí?”

Bàbá Làtíìfù kò gbójú sókè.

“Alhaji,” ni Hàlímọ̀tù wí, ohùn wọn sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, “níbo lẹ wà?”

“Hàlímọ̀tù, ìwọ náà?”

“Páálí yín wà nínú báàgì yẹn. Ẹ jẹ́ ká rí físà ọdún tó kọjá. Ká lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.”

Alhaji gbé báàgì náà sórí itan. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, wọn kò sì ṣí i.

Bàbá Làtíìfù ló sọ̀rọ̀. “Scotland ni wọ́n wà. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé wọn lọ wọkọ̀ ní Victoria. Ẹ́mbásì kọ̀ wọ́n ní físà. Wọ́n ní kí n má sọ.”

“Ẹ mọ̀,” ni mo wí.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ ka orúkọ àbúrò mi sókè lọ́jọ́ tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.”

“Alága ni wọ́n, Nusaybah. Kí ni kí n ṣe?”

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. “Ẹ ti ṣe àdúrà ìrìn àjò fún mi ní Jímọ̀. Gbogbo Peckham ti kí mi. Báwo ni n ó ṣe dìde kí n ní wọ́n dá mi padà bí ọmọ kékeré? Ojú tì mí. Mo rò pé bí ọmọ náà bá gùn ún, tí kò bá bá mi níbẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀.”

“Ẹ pè é láti Scotland. Ẹ ní kí ó máa gùn lọ, pé ẹ ń bọ̀.”

Wọ́n fa báàgì náà mọ́ra.

“Físà tọdún yìí ńkọ́?” ni Hàlímọ̀tù béèrè.

“Mo ṣì ń retí ẹ̀.”

Hàlímọ̀tù fọwọ́ bo ẹnu. Ọlábọ̀wálé mú èso dàbínù tó dúró fún òun kúrò lórí òkè, ó gbé e síwájú Alhaji. “Ẹ gbé tiyín,” ni ó wí. Kò fi Gẹ̀ẹ́sì kankan kún un.

Nígbà tó yá, Alhaji ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde nínú yàrá yẹn. Wọ́n ní àwọn yóò dá orúkọ Abdulqoyyum padà sínú ẹgbẹ́, láìpariwo. Mo sọ fún wọn pé iwájú gbogbo mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti pè é ní òpùrọ́. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́. Wọn kò béèrè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Mo ká òwú mi, mo gbé bọ́ọ̀lù àwòrán ayé àwọn ọmọdé, mo sì padà lọ sílé láti sọ fún ìyá mi.

Alhaji Tàjùdéèn ṣèlérí fún Mìsítúrà pé àwọn yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí òkè, pé àwọn kò ní fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gun òkè náà. Alhaji kò lọ.